Ibà Tó Ń Tẹ̀lé Ọjọ́ Ìsinmi

Ilé Onídẹ,
Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àkànní ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ onímọ́tò tí o fi rán, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìgbéga. Pé ìwọ ni wọ́n fi ṣe fóòmàn ní ìdí iná ilé iṣẹ́ ńlá l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń yọ síńkì jáde nínú ìdàrọ́ àti àlòkù irin, inú mi dùn sí i. Mo sọ fún àwọn tó wà ní ojúde. Wọ́n bi mí pé kí ni síńkì. Mo ní irin funfun tí wọ́n fi ń bo páànù lára kó má bàa tètè dógùn-ún ni, òun náà la sì máa ń pò mọ́ bàbà kó tó di idẹ. Wọ́n ní ṣé ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ páànù dà nù náà ni ọmọ mi wá ń jẹun nínú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni èmi náà ti jẹun tí mo fi tọ́ ọ dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà náà tó mú kí n gbé oúnjẹ ọ̀sán tì. Jẹ́ kí n dà á kọ síbí bí o ṣe kọ ọ́, kí ìwọ náà lè fi ojú ara rẹ rí i. O ní: "Bàbá, gbogbo Mọ́ńdè ni ibà ń mú mi. Bí mo bá sinmi ní Sọ́ńdè, tí mo wọṣẹ́ ní Mọ́ńdè, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òtútù á bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Túsìdeè á mọ́, màá ti yá. Mo wá bẹ ọ̀gá pé kí n máa wá ní Sọ́ńdè náà, láti ìgbà náà ibà ti lọ. Bàbá, iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. N kò ní lè wálé nígbà tí ìyàwó mi Sàlámátù bá bímọ, torí bí mo bá fi ọjọ́ mẹ́rin kúrò ní ìdí iná, ibà yẹn á gbé mi ṣánlẹ̀ bí mo bá padà dé, wọn á sì fi ẹlòmíràn sípò mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ni ẹ̀yin máa ń lò sí i nígbà tiyín?"

Mo ka ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ohun tí àwa ń lò sí i nígbà tiwa, Àkànní, òun náà ni o ti ń lò yẹn. O dá a rí fúnra rẹ láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Akọ̀wé tó máa ń jókòó sí ẹsẹ̀ òkè Màpó ì bá bá mi kọ èyí, ọwọ́ rẹ̀ ì bá sì gún ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níwájú tí n kò fẹ́ kí etí ẹlòmíràn gbọ́. Ìwé àgbà tí mo kọ́ nígbà tí irun mi ti ń funfun, tí ẹ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, òun ni mo fi ń kọ ọ́. Bí ìlà bá wọ́, fara mọ́ ọn. Mò ń dúró mí kí n tó tẹ̀síwájú. Èémí mi kò gùn mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dé ilé wa, mo ń dúró ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí tó mẹ́rin. Màá kà wọ́n fún ọ bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn, n kò ní agbára àtitò wọ́n.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ omi. Ìwọ lo sọ fún mi pé ọkọ̀ máa ń da ìdàrọ́ sílẹ̀ ní ìta, òjò á sì máa pa á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ohun tó lómi lára sínú síńkì tó ti yọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Bẹyẹrúnká, òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì là ń rà kiri láti Ọjà'ba dé Oríta-mẹ́rin. A ó fọ́ ọ, a ó da dúdú inú rẹ̀ nù, èèpo ara rẹ̀ tó jẹ́ síńkì la ó mú, a ó yọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń kánjú. Òjò ti rọ̀ sí àpò bátìrì náà, mo wò ó, mo ní kí ni omi díẹ̀ fẹ́ ṣe. Mo da odidi igbá kan sínú ìkòkò. Ó bú gbàmù, síńkì gbígbóná fọ́n ká gbogbo ìsọ̀. Àpá rẹ̀ ló wà ní apá òsì mi tí o máa ń fi ìka tọ̀ nígbà kékeré rẹ, tí mò ń sọ fún ọ pé ẹkùn ló họ mí. Ẹkùn kankan ò sí. Ìkánjú ló họ mí. Tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀bá iná kó kọ́kọ́ gbẹ, kó sì gbóná, kí o tó jẹ́ kó wọlé. Bí ọ̀gá bá ní ó ń pẹ́, ní kó wá dà á fúnra rẹ̀.

Èkejì, má fi iná àṣejù sí i. Síńkì kì í ṣe irin tó ń fẹ́ agbára, kó tó pọ́n ló ti yọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé bí ẹwìrì ọkùnrin bá ṣe ń fẹ́ tó ló ṣe mọṣẹ́ tó. Màá fẹ́ ẹ títí iná tó ní àwọ̀ ewé á fi máa jáde lẹ́nu ìkòkò, nǹkan funfun bí òwú á máa fò kiri inú ìsọ̀, á bà lé wa lórí, àwa á máa rẹ́rìn-ín pé arúgbó ti dé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé síńkì mi gan-an ló ń fò lọ, tí mo sì ń fi imú gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fi èédú tí wọ́n lọ̀ bo ojú rẹ̀, mú iná mọ níwọ̀n, kó ìdàrọ́ orí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Má sì da ìdàrọ́ náà nù, irin ṣì wà nínú rẹ̀. Bí o bá ti rí òwú funfun nínú afẹ́fẹ́, mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣàṣejù.

Èyí tó tẹ̀lé e kò rọrùn fún mi láti kọ. Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni mo máa ń dúró sí, màá ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi dúró sí òdì kejì, níbi tí èéfín ń lọ. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ọ̀gá ni mí. Bí wọ́n bá wúkọ́, mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìwọ ti di fóòmàn báyìí. Máa pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń dúró sí, kí ìwọ náà sì wà lára àwọn tí a ń pààrọ̀. Sọ fún àwọn ọ̀gá yín kí wọ́n ṣí òrùlé ilé iná yẹn díẹ̀, tàbí kí wọ́n lu fèrèsé sí i, kí èéfín lè rí ibi gbà jáde. Mílíìkì agolo tí o ní wọ́n ń fún yín láràárọ̀, mu ún, oúnjẹ ni. Epo pupa ni tiwa, ife kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ikùn ni mílíìkì àti epo ń gbà, ọ̀nà ibòmíràn ni èéfín ń gbà. Wọn ò lè pàdé.

N ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin la wà báyìí. Jẹ́ kí n kúkú bọ́ sórí ohun tó mú mi jókòó.

Ibà rẹ yẹn, ojúlùmọ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe ti Mọ́ńdè. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni àwa ń sinmi, nítorí náà Sátidé ló ń mú wa. Ẹnu á kọ́kọ́ dà bí ẹnu ẹni tó fi kọ́bọ̀ há ẹ̀rẹ̀kẹ́, sìgá ò ní dùn-ún mu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òtútù á dé, eyín á máa lu eyín, a ó kó gbogbo aṣọ tó wà nílé bo ara wa. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní sí nǹkan kan mọ́. Àwọn Aládùúrà kan ní ìsọ̀ sí ìsàlẹ̀ tiwa. Sọ́ńdè ni wọ́n ń sinmi, Mọ́ńdè ni ibà ń mú wọn. A máa ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní àdúrà Jímọ̀ọ̀ wa ni kò gbà, àwa ní orin Sọ́ńdè wọn ló pọ̀ jù.

Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá pè wá jọ. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, ara yín le. Ìgbà tí ẹ bá sinmi tán lẹ ń dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe yín. Ìsinmi ni." A wò ó lọ, a wò ó bọ̀, kò sí ẹni tó lè jiyàn. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán, oníkálukú á gba ìsọ̀ kọjá, á dá iná díẹ̀, á yọ́ síńkì díẹ̀, á gba èéfín rẹ̀ sára bí ẹni mu àgbo. Kíkí iná là ń pè é. "Ibo lò ń lọ?" "Mo fẹ́ lọ kí iná." Ibà Sátidé sì lọ lóòótọ́, bí tìrẹ ṣe lọ yẹn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi kí iná. Mo kí i lọ́jọ́ Iléyá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ìwọ gan-an lórúkọ, wọ́n wá mi tì, ìsọ̀ ni mo wà. Ìyá rẹ Àwẹ̀ró máa ń bi mí pé, "Bàbá Àkànní, ṣé iná yẹn ló bí yín ni?" Á máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kàn ń sọ ọ́.

Ohun tí kò yé wa nígbà náà ni pé ara tó ń gba èéfín lójoojúmọ́ á pa ẹnu mọ́. Ìgbà tó bá rí ààyè mí, tí wọ́n tún wá fi èéfín lọ̀ ọ́, ló tó ń ké. Ibà yẹn, igbe ara ni. Àwa wá ń fi èéfín dí i lẹ́nu, a ní a ti rí oògùn. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, òótọ́ lo kọ. Ta ló wá sọ fún ọ pé iṣẹ́ loògùn ibà? Gbogbo èyí tí a dí lẹ́nu nígbà náà ló kóra jọ sí mi láyà báyìí, tí n kò fi lè gun òkè Màpó láìjókòó.

Ti àyà mi kọ́ ló jù. Ọmọ mi, fara balẹ̀ ka èyí.

Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ le, ìwọ àti àbúrò rẹ wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá yín ní Àrẹ̀mọ. O ti gbọ́ lẹ́nu mi láìmọye ìgbà pé ọwọ́ mi ló kú sí, pé mò ń fún un lómi mu, pé ó ń dárúkọ yín kó tó dákẹ́. O sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ níṣojú àwọn àna rẹ. O ní bàbá tí kò fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ló bí ọ. Mo gbọ́ ọ, mo tẹ orí ba.

N kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àlàrùba ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo jókòó tì í. Àlàmísì, mo jókòó tì í. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀ọ̀, ó ti di ọjọ́ kẹta tí n kò gbóòórùn èéfín. Iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀, fìtílà idẹ mọ́ṣáláṣí kan, tí ìsọ̀ mẹ́ta pawọ́ pọ̀ ṣe. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á ní Sátidé, kí a parí rẹ̀ ní Sọ́ńdè, èmi ni wọ́n sì yàn pé kí n di ìkòkò mú. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí n kò bá kí iná lónìí, ibà á gbé mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹlòmíràn ló máa parí fìtílà náà. Wọn á fi ẹlòmíràn sípò mi. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ náà kọ nìyẹn, kò yẹ̀ síbì kan.

Mo kírun tán, mo kọ́kọ́ padà wá wò ó. Ó di etí aṣọ mi mú. Ó ní, "Ẹ má lọ lónìí, Bàbá Àkànní." Mo ní, "N ò ní pẹ́. Mo kàn fẹ́ lọ kí iná ni." Ó tú ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ mi, ó kọjú sí ògiri.

Mo dé ìsọ̀. Síńkì ọjọ́ náà yọ́ dáadáa, ó mọ́, ó ń dán. Mo ní kí n dà á tán kí n tó lọ. Mo dà á tán, mo tún fi òmíràn sí i. Nígbà tí mo fi gbé orí sókè, wọ́n ti kírun Àsárì tán. Mo délé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Ìyá Àgbà, arúgbó tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa, òun ló jókòó tì í. Mo bi í pé kí ni Àwẹ̀ró sọ. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Mo kọ̀, mo ń bi í ṣáá. Ó wá ní gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kọjá lójúde ni Àwẹ̀ró ń béèrè bóyá èmi ni mò ń bọ̀, òun náà sì ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ti di ẹni ilẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Ó jẹ́ kí n máa pa irọ́ mi lọ.

A sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní Sátidé, mo di ìkòkò mú. Mo parí fìtílà náà ní Sọ́ńdè. Ibà kò mú mi.

Mo ti rò ó títí, rírò náà ti rẹ̀ mí. Kí ni mo ń sá fún gan-an? Òtútù ìrọ̀lẹ́ kan. Kí n bo aṣọ, kí eyín lu eyín, kí ilẹ̀ mọ́, kí n dìde. Òun ni mo sá fún tí mo fi jẹ́ kí Àwẹ̀ró máa ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Bí ọ̀pọ̀ ìgbà bá ti wà tí mo ṣe wèrè, kò sí èyí tó tó ti ọjọ́ náà. Mo bẹ ọ, dárí jì mí. Bí o bá sì bínú sí mi, n kò ní sọ pé o ṣe àṣejù. Irọ́ ni mo fi tọ́ ọ lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, o lẹ́tọ̀ọ́ àtibínú.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ nìyí. Jáwọ́ nínú lílọ síbi iṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Sinmi, kí ara rẹ máa ké, kí o máa gbọ́ ọ. Gba ààyè ọjọ́ mẹ́rin, wá sílé. Bí o bá padà, ibà náà á mú ọ, mo ń sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ kí o má bàa ní n kò sọ. Dùbúlẹ̀, kí o jẹ́ kó mú ọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ, sọ fún wọn pé bí ibà bá ń mú àwọn náà, èéfín ló fà á, kí wọ́n yé fura sí ẹ̀fọn àti àwọn aládùúgbò wọn. Tún lọ bá àwọn ọ̀gá yín lórí òrùlé yẹn. Bí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ kí o tó dé, ibà á mú òun náà, fi ipò náà sílẹ̀ fún un. Ìwọ á rí iṣẹ́ mìíràn. Bí ebi bá sì fẹ́ pa ọ́, ilé yìí ò tíì wó, gààrí kò sì tíì tán níbẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí. Onímọ́tò tí yóò mú ìwé yìí bọ̀ kò sì ní pẹ́ dé.

Àwọn ìyá inú agboolé yẹ Sàlámátù wò lánàá, wọ́n ní ọmọ náà ti sọ̀kalẹ̀, kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láàárọ̀ yìí ó wá kúnlẹ̀ kí mi, ó rí lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ mi. O mọ̀ pé kò mọ̀wé. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ síbẹ̀?" Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè sọ òótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní Sátidé yìí ni. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ìrora ẹ̀yìn, ó dìde, ó lọ ń gbá yàrá. Àkànní, mo bẹ ọ, wá. Má jẹ́ kí n jókòó ti ìyàwó rẹ, kí n máa sọ fún un pé o ti dé ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Sànúsí.